Ọkọ Tó Ń Fi "Ẹ" Bá Ìyàwó Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ike ni mò ń tà ní Ìlàrè: korobá, báàfù, kẹ́ẹ̀gì, àti àwọn ife tí ọmọdé lè sọ mọ́lẹ̀ títí tí kò ní fọ́. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ògiri kan ló là wá láàárín, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ sì ni tẹlifíṣọ̀n wà. Tó bá ti di ọwọ́ ọ̀sán tí ọjà bá dá, mo máa ń gbé àga mi sí agbedeméjì ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, màá fi ojú kan ṣọ́ ike, màá fi ojú kejì wo eré. Mi ò kàwé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró, inú olùkọ́ mi ló sì dùn jù lọ́jọ́ tí mo dúró. Ṣùgbọ́n tó bá di ká wo eré, ká sì sọ ohun tó yẹ kí àwọn tó ń ṣe é ṣe, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní gbogbo Ifẹ̀ tó lè gba àga yẹn lọ́wọ́ mi.

Eré kan wà tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ nígbà náà, àyàfi ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, olówó, oníbìínú, tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àjàgbé. Ó máa ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti kọ orúkọ eré tán títí wọn yóò fi polówó ọṣẹ. Lọ́jọ́ kan, mọ́tò gbá a, orí ló fi sọlẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí yóò fi jí, ó ti di èèyàn jẹ́jẹ́. Ó ń fọ abọ́. Ó ń bi ọmọ ọ̀dọ̀ bóyá ó ti jẹun. Kò rántí ìyàwó, kò rántí àlè, ọ̀rọ̀ náà sì dun àlè ju ìyàwó lọ. Àwa tí à ń wò ó ń rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í rẹ́rìn-ín láàárín wa, àbúrò mi obìnrin ni.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ó ń kan òrùlé ilé kan lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí igi, ó sì forí sọlẹ̀. Ó pẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tó padà sílé ní Ìrẹmọ, ó ń rìn, ó ń jẹun, ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti ti ọmọ wọn obìnrin tó wà nílé ọkọ. Ojú àpá tó wà lórí rẹ̀ ti jinná. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ó ń sọ "ẹ" fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ṣé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ gbé omi sí? Ọkọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, nínú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti jọ ń sùn kí ewú tó yọ lórí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àbúrò mi ń sọ "ẹ" fún òun náà tipẹ́tipẹ́, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ní báyìí tí ọkọ náà ti ń sọ ọ́ padà, tí ẹ bá gbọ́ wọn nínú ilé, ẹ ó rò pé àlejò méjì ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró, tí oníkálukú ń bẹ èkejì kó kọ́kọ́ kọjá.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ irú ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́ kó tó ṣubú. Ọmọ Oǹdó ni. Lédè ìlú wọn, wọn kì í fi "ẹ" da ara wọn láàmú, tọmọdé tàgbà, "o" ni. Ó ti pẹ́ ní Ifẹ̀ débi pé ó ti gbàgbé ojú ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ilé wa wá fẹ́ àbúrò mi, ó wo bàbá wa lójú, ó ní, "Bàbá, o kú ilé o. Ṣé o jí dáadáa?" Bàbá wa wẹ̀yìn wò bóyá ọmọdé kan ló dúró sẹ́yìn òun. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó di ọjọ́ kejì kó tó jáde sí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá wa ló bá wa bẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé, ìjà kan náà ni àbúrò mi ń bá a jà. Ẹ sọ "ẹ" fún ìyá mi. Ẹ sọ "ẹ" fún pásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ "ẹ" fún onílé kó má baà lé wa síta. Ọkùnrin náà á ní, "Ṣé ẹni méjì ni onílé ni?" Ó á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún. Kò sí ohun tó ń bí i nínú bíi kó rí ohun tí wọ́n ṣe dé ìdajì. Tó bá rí ilé tí wọ́n kun iwájú rẹ̀ tí wọn ò kun ẹ̀gbẹ́, ó máa dúró lójú títì bú ẹni tó kùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni náà rí. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó wo pẹpẹ tí mo to korobá lé, ó ní, "Ta ló kan èyí fún ọ? Ìṣó méjì níbi tó yẹ kó kan mẹ́rin. Ṣé ikú ló pa á sídìí ìṣó kejì ni?" Ó lọ mú òòlù wá, ó kàn án parí, ó ń bú mi bó ṣe ń kàn án. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni mo jẹ́ o. Mo bú òun náà padà, a jọ rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ẹni yẹn náà ló wá ń sọ "ẹ" fún ewúrẹ́. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ojú mi ló ṣe. Ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì dùbúlẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà wọn, ọkùnrin yìí fẹ́ kọjá, ó dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀." Ewúrẹ́ dìde, ó yà. Ó ní, "Ẹ ṣé." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Nígbà tí mo gbójú sókè, àbúrò mi ló dúró tó ń wò mí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi àti ewúrẹ́."

Èmi tí kò sí ohun tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò mọ apá ibi tó yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn.

A jọ lọ bi dókítà. Àbúrò mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun náà ṣì ni?" Dókítà ní ọpọlọ tó bá fara gbọgbẹ́ lè yí ìwà èèyàn padà, ìwà náà lè padà bọ̀, ó sì lè má padà, kó ṣe sùúrù. Àbúrò mi ní, "Mo ti gbọ́ ìyẹn, sà. Ṣùgbọ́n ṣé òun ni?" Dókítà ní, "Ẹ̀yin ni ìyàwó rẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wa." Bá a ṣe jáde nìyẹn. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà pé a lọ bèèrè ọ̀rọ̀, wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ sá kúrò nílé ìwé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pè láti Oǹdó. Ó ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé wá mú àbúrò àwọn lọ sílé, kó lọ wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi padà sípò. Ó ní tí ìyàwó bá fẹ́ kó dúró, kó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé òun lè tọ́jú rẹ̀. Tó bá sì ti sú u, kó sọ ìyẹn náà, kò sí ìjà. Ọ̀rọ̀ náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kó dúró tàbí kó máa lọ, kí obìnrin náà sì sọ ọ́ kí Sátidé tó kọjá.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ òun ni, màá tọ́jú rẹ̀ dọjọ́ ikú, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kì í bá ṣe òun, ọkọ ta ni mò ń pọnmi fún?"

Ohun tó fi di pé ó ń wá jókòó tì wá lójoojúmọ́ nídìí eré nìyẹn. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ó fẹ́ rí ohun tí obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n máa ṣe.

Ní Tọ́sìdeé, ó ní òun fẹ́ dirun. Ó ní tí àwọn àna òun bá dé, wọn ò gbọdọ̀ bá òun ní jágbajàgba, kí wọ́n má baà sọ pé òun kò lè tọ́jú ara òun, áńbọ̀sì ọmọ wọn. Ó jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún onídìrí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í láti apá òsì. Àlàájà tó ń ta aṣọ lódìkejì ti wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà níwájú wa náà dúró lójú fèrèsé, ó mú táyà dání kí a lè rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Eré bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin inú eré jókòó sílé. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó ṣì ń retí igbe. Ọkùnrin náà wo oúnjẹ, ó wo obìnrin, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà."

Onídìrí ju kóòmù sókè, ó tún un hán. Ó ní, "Ẹ bá mi bèèrè irú mọ́tò tó gbá a. Mo fẹ́ lọ mú ọkọ tèmi dúró lójú títì."

"Má fẹnu rẹ pe ìjàǹbá," ni Àlàájà wí. "Àlùbáríkà ni ti obìnrin yẹn. Ọlọ́run gba èyí tó burú, ó fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀. Kí ló tún ń wá? Kó sọ pé alhamdulilahi, kó jókòó."

Fọkanáísà fi orí wọ fèrèsé. "Ó ń díbọ́n ni. Ọkùnrin tó bá ń sọ 'mà' fún ìyàwó ara rẹ̀ ti ṣe nǹkan tí wọn ò tíì mọ̀."

Mo ní, "Ìwọ, ìgbà wo lo sọ ọ́ kẹ́yìn?"

Ó ní, "Ìyá oníke, èmi ò tíì ṣe nǹkan kan."

A rẹ́rìn-ín. Onídìrí ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni ìyàwó yẹn, mi ò ní jẹ́ kó gbádùn mọ́ láé. Tí mo bá ti rí i pé ó fẹ́ máa rántí, màá wá igi ọmọ odó."

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọkọ àbúrò mi ṣubú, gbogbo Ìlàrè ló gbọ́. Ọ̀rọ̀ "ẹ" yìí ni wọn ò mọ̀. Àbúrò mi kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ níta, èmi ni mo máa ń bá a sọ ọ́, ìyẹn gan-an sì ni mi ò tíì sọ.

Àbúrò mi dìde nílẹ̀. Onídìrí ti fi kóòmù há irun rẹ̀, ó ṣì di ìdì kan mú lọ́wọ́, ìyẹn náà yọ. Àbúrò mi ní, "Eré lẹ̀yin ń wò. Èmi ni mo ń bá a sùn. Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ 'ẹ ṣé, mà' fún? Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ni. Mo fi gbogbo ayé mi bẹ ọkùnrin yẹn kó sọ 'ẹ' fún ẹlòmíràn, mi ò sọ pé kó sọ ọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ ọ̀wọ̀ nínú yàrá mi."

Ó fa síkáàfù borí, ó jáde, ó gba ọ̀nà Ẹnuwá lọ. Apá òsì orí rẹ̀ ti di dídì, apá ọ̀tún dúró gannanran. Wọ́n polówó ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ni onídìrí sọ lóhùn kékeré pé, "Ìyá oníke, kóòmù mi wà lórí wọn."

Mo ní, "Òun ló ń dùn ọ́."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín ewúrẹ́, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí mo sọ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́ kejì, àbúrò mi kò wá. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó wá parí irun, ó ní òun ò tún fẹ́ jókòó sáàárín àwọn tó ń ṣèdájọ́ òun. Èmi àti àwọn yòókù jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà, mo jókòó bí ẹni tó ń retí èsì àyẹ̀wò. Mo mọ̀ pé eré ni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ ọ́, ẹni náà kò sì mọ̀ wá rí. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí ó sọ fún mi.

Nǹkan ẹ̀rín ni pé gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ lánàá ló ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Onídìrí ní kí obìnrin inú eré yẹn máa lọ ilé bàbá rẹ̀, nítorí òkú ọkọ ló wà nílé. Àlàájà ní òun kò tún mọ̀ mọ́ bóyá àlùbáríkà ni, bóyá àdánwò ni, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán òun wò. Fọkanáísà tó ní ó ń díbọ́n ló wá ń sọ pé, "Bóyá bó ṣe rí gan-an nínú nìyẹn láti ọjọ́ yìí, tí ìbínú kàn bò ó mọ́lẹ̀." Mo ní kí ló mọ̀ nípa inú èèyàn, táyà ló ń tú. Ó ní inú táyà náà kì í hàn síta.

Nínú eré, obìnrin náà jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ó mú fọ́tò ìgbéyàwó wọn jáde, ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ọkùnrin náà gba fọ́tò. Ó wò ó. Ó gbójú sókè, ó la ẹnu, iná sì lọ.

Onídìrí sáré sídìí jẹnẹrétọ̀, kò sí epo nínú rẹ̀. Gbogbo wa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Àlàájà ní ọkùnrin náà ti dá a mọ̀, "o" ló fẹ́ fi pè é, òun rí i lẹ́nu rẹ̀. Onídìrí ní rárá, "ẹ" ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ sọ "o", ètè rẹ̀ á ká bí ẹnu ìgò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é wò fún ara wọn, Àlàájà ń ká ẹnu, onídìrí ń fẹ ẹnu. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì dúró wò wá, ó tẹsẹ̀ mọ́rìn. Mo padà sídìí ike mi. Mi ò rí èsì gbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo ya Ìrẹmọ. Mo bá ọkọ àbúrò mi tó jókòó síta, tó gbọ́wọ́ lé orúnkún. Mo ní kí n dán an wò. Mo ní, "Ìwọ káfíńtà yìí, òrùlé tó o kàn ń jò. Gbogbo ìlú ló ń bú ọ." Ọkùnrin tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ì bá ti bú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá mi. Èyí wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní kó má bínú. Àwa méjèèjì ń bẹ ara wa títí àbúrò mi fi jáde wá mú mi wọlé.

Ó fi síkáàfù borí. Mo ní, "O ò tíì tú u?" Ó ní òun ò ní agbára àtitú u, òun ò sì ní agbára àtidì í. Mo bi í pé kí ló máa sọ lọ́la. Ó ní, "Mo rò pé màá ní kí wọ́n máa mú un lọ. Bóyá àwọn tó bí i máa rí i níbi tó wà." Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ tàbí irọ́ ni.

Àwọn ará Oǹdó dé ní Sátidé kí oòrùn tó mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti àbúrò ìyá wọn obìnrin kan tó ti dàgbà ló wá. Mo ju ẹ̀gbọ́n náà lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ó wọlé, ó ní, "O kú ilé o. Ará ilé rẹ ńkọ́?" Ó tù mí lára láti gbọ́ ọ, ẹ ò ní gbà á gbọ́. Ó dà bí ẹni pé ọkọ àbúrò mi ló wọlé láti ìta.

Ọkọ àbúrò mi fúnra rẹ̀ ti inú yàrá jáde. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ẹ̀gbọ́n náà fà sẹ́yìn. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi nìyí. Wò mí."

"Mo rí yín, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín."

Ìyá àgbà náà fi etí aṣọ bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí èmi àti àbúrò mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Èyí lẹ fi kọ́ ọ. Ó dé bá yín pẹ̀lú ẹnu tó ti ilé wá, ẹ ń fìtínà rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, 'sọ ẹ, sọ ẹ'. Ó wá rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ti fi 'ẹ' ba ọmọ wa jẹ́."

Mo ní, "Àwa kọ́ ló kọ́ ọ. Bí a bá kọ́ ọ, a ò ní kọ́ ọ dé orí ewúrẹ́." Kò yé e, mi ò sì ní àsìkò àtiṣàlàyé.

Ó ní ó ti tó, kí ìyàwó sọ ohun tó fẹ́ sọ, kí àwọn máa lọ kí ọ̀nà má baà há. Ó ní, "Ṣé kó dúró ni, àbí kó máa bá wa lọ?"

Àbúrò mi lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ti sọ ọ́ fún mi. Bó ṣe tẹ orí ba ni síkáàfù náà yọ, tó já sílẹ̀. Gbogbo wa rí orí rẹ̀: apá òsì tó jọlọ̀, ilà irun lọ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, apá ọ̀tún tó rú sókè bí òwú tí afẹ́fẹ́ kó. Kóòmù onídìrí ṣì wà níbẹ̀. Ojú tì mí fún un. Mo fẹ́ lọ bá a mú síkáàfù.

Ọkọ rẹ̀ ti dìde. Ojú rẹ̀ kan, ojú tí mi ò tíì rí láti ìgbà tó ti ṣubú, tó ká iwájú orí pọ̀ bí ẹni tó rí ilẹ̀kùn tó wọ́.

Ó ní, "Kí lo fi orí rẹ ṣe?"

Ìyá àgbà dá ẹkún dúró.

"Ta ló di irun yìí? Ó dì í dé ìdajì, ó wá sá lọ? O sì gbé e sórí, ò ń rìn kiri. Ojú ò tì ọ́?"

Àbúrò mi ń wò ó láti ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo dìde. Kò tíì parí."

"Kí lo dìde sí? Padà lọ, kó parí rẹ̀. Irú iṣẹ́ rádaràda wo nìyẹn?"

Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ká bí ẹnu ìgò, bí onídìrí ṣe wí. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Mo ní ó tán, ó ti dé. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi kí i káàbọ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú síkáàfù nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ojú rẹ̀ ti tún rọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà, mà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó wo ìyàwó, ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ṣé òun nìyẹn, àbí òun kọ́?"

Gbogbo ayé mi, mi ò tíì rí ìbéèrè tí n kò ní fún ní èsì, kódà bí èsì náà kò bá dára. Mo yíjú sí àbúrò mi.

Àbúrò mi ló dáhùn. Ó nu ojú, ó dìde, ó ní, "Kò lọ sí ibì kankan. Ó ti ní kí n lọ parí irun mi."

Wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n náà yíjú padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ mọ́tò.

Ní Mọ́ńdè, àbúrò mi mú kóòmù onídìrí padà, ó jókòó sórí àpótí, wọ́n dì í parí. Wọ́n ń ṣe eré lọ́wọ́, ṣùgbọ́n onídìrí ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó mọ́. Wọ́n bi àbúrò mi pé, "Ṣé ó ti rántí?" Ó ní, "Ó rántí irun." Àlàájà ní ṣé ìyẹn tó. Ó ní òun ò mọ̀. Fọkanáísà ní kí ni ọkùnrin inú eré sọ lọ́jọ́ tí iná lọ, kò sí ẹni tó lè sọ fún un, títí dòní.

Ọkọ rẹ̀ ṣì ń sọ "ẹ". Láràárọ̀ ni, lálaalẹ́ ni, fún un, fún mi, fún ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ilé àbúrò mi ti ń di wúruwùru, ẹni tó mọ ilé tọ́jú tẹ́lẹ̀. Ó á gbá ilẹ̀ dé agbedeméjì yàrá, á gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó á sá aṣọ díẹ̀, á fi ìyókù sínú báàfù, á wá lọ jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ á ti máa rí i, á máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní rí nǹkan kan gbà ju "ẹ pẹ̀lẹ́, mà" lọ. Lọ́jọ́ mìíràn ojú ọkùnrin náà á ká, á ní, "Kí lo fi èyí sílẹ̀ fún?" Ìyẹn á sì tó o fún odindi ọ̀sẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ korobá tí irin ìgbámú rẹ̀ ti já lápá kan. Mo ní ọjọ́ wo ló rí mi tí mo ta irú ìyẹn rí. Ó ní kí n bá òun já a. Mo wò ó bóyá ó ń ṣeré, kò ṣeré. Mo mú korobá tuntun, mo já irin rẹ̀ lápá kan, mo gbé e fún un. Ó gbé e rù, ó ń lọ sí Ìrẹmọ, ó ń kọrin. Mo jókòó síbẹ̀, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ẹni tí màá rín nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.